Ìṣẹ́jú wo lọkàn yín yí? Bí a ṣe ń wo fíìmù òkèèrè nípa ẹni tó yíwà padà, tí a sì ń kọ ohun tó ṣe sí wa

Tí ẹ bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tán pé báwo ló ṣe rí, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé, "Ó wú mi lórí gan-an." Ọ̀rọ̀ náà kò burú, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Kò mọ fíìmù náà sí i, kò sì mọ ẹni tó wò ó. Èrò tó ṣe é kà ni èyí tó lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú tí ọkàn ẹni tó ń wòran yí sí ẹ̀dá inú ìtàn náà, kó sì sọ ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Bí a ṣe ń mú ìṣẹ́jú yẹn la fẹ́ sọ níbí.

Fíìmù mẹ́ta la ó máa tọ́ka sí. Ikiru ni Akira Kurosawa ṣe ní Jàpáánì ní 1952: Watanabe, olórí ẹ̀ka kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ti tẹ òǹtẹ̀ mọ́wèé fún nǹkan bí 30 ọdún kó tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ti wà nínú ikùn òun. Das Leben der Anderen ni Florian Henckel von Donnersmarck ṣe ní Jámánì ní 2006: Wiesler, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Stasi, àjọ ọlọ́pàá àṣírí Ìlà Oòrùn Jámánì, ń fi ẹ̀rọ dẹtí sí ilé òǹkọ̀wé eré kan ní Ìlà Oòrùn Berlin ní 1984. Central do Brasil ni Walter Salles ṣe ní 1998: Dora, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbowó kọ lẹ́tà fáwọn tí kò mọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Rio de Janeiro. Iṣẹ́ Dora kò ṣàjèjì sí wa. Nílẹ̀ Yorùbá náà, àwọn tó ń báni kọ lẹ́tà wà nígbà kan, tí wọ́n á gbé tábìlì síta, tí oníbàárà á máa rojọ́ ọkàn rẹ̀ létígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ikiru gba ìṣẹ́jú 143, ti Jámánì gba 137. Ẹ wá wákàtí méjì ààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín, kí bátìrì kún, kí fíìmù sì ti wà lórí ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó fi alẹ́ mẹ́ta wo fíìmù kan á rántí ìtàn rẹ̀, àmọ́ kò ní mọ ibi tí ọkàn òun ti yí, torí díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀. Tí a bá já a sí wẹ́wẹ́, á dà bíi pé ẹni náà kàn sùn, ó sì jí lẹ́ni ọ̀tọ̀.

Ẹ má wo èyí tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíì bò mọ́lẹ̀. Èyí tó ní sọbutáítù, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù, ni kí ẹ mú, kí ẹ lè gbọ́ ohùn òṣèré fúnra rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò bá bá ẹnu mu, ẹ lè tún un ṣe nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù, lórí kọ̀ǹpútà Windows: bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ohùn, ẹ tẹ lẹ́tà H, bí ó bá ń rẹ̀yìn, ẹ tẹ G. Ìtẹ̀ kan ń sún un ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 50, nítorí náà ìtẹ̀ 20 ló ń jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ má ṣe fara dà á bẹ́ẹ̀ tó bá yapa, torí ojú òṣèré á ti yí padà kí ẹ tó ka ohun tó yí i.

Ohun tí sọbutáítù ń jẹ

Ìlà méjì péré ló sábà máa ń wà lójú fíìmù lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bíi lẹ́tà 42 lọ. Ẹni tó ń túmọ̀ ní láti gé nǹkan, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ gé ni ìwọ̀n ọ̀wọ̀ àti ìwọ̀n ìfaramọ́ra tó wà láàárín ẹni méjì.

Níbí ni ọmọ Yorùbá ti láǹfààní. Jámánì ní *du* àti *Sie* bí àwa ṣe ní "o" àti "ẹ". Gẹ̀ẹ́sì kò ní in, nítorí náà sọbutáítù Gẹ̀ẹ́sì pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ tẹ́tí. Wiesler àti ọ̀gá rẹ̀ Grubitz ń pe ara wọn ní *du* torí wọ́n jọ kàwé ni. Ẹni tí Wiesler ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gba *Sie*, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ fọ́ ọ lọ́kàn. Ọ̀wọ̀ ẹnu tí ìkà wà nínú rẹ̀: kò yẹ kó ṣòro fún wa láti gbọ́. Nínú fíìmù Bràsíl, ẹ máa ṣọ́ *a senhora*, ti ọ̀wọ̀, àti *você*, ti ojúmọ̀. Ìṣọ́ra kan ṣá o: ọmọ kékeré tó ń pe àgbàlagbà ní *du* ní Jámánì kò rífín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé tí ẹ ó dì mú

Ẹ fa ìlà òòró méjì sójú ìwé kó lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà àkọ́kọ́ wà fún àkókò tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù. Ọ̀nà kejì wà fún ohun tí kámẹ́rà lè rí tàbí tí etí lè gbọ́. Ọ̀nà kẹta wà fún ohun tó ṣe yín. Bí ẹ bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má dá fíìmù dúró rárá. Àkókò àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Àmì méjìlá ti pọ̀ tó fún odindi fíìmù. Ẹni tó bá sàmì 40, ìwé ló ń wò, kì í ṣe ojú òṣèré.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀nà kejì kún fún ìdájọ́. "Ó ronú pìwà dà" kì í ṣe ohun tí ojú rí. "Ó fa ìwé yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ya ojú ewé kan, ó fi nu òǹtẹ̀": ohun tí ojú rí nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ Ikiru ló sì ti wá. Ìwé tí Watanabe ya yẹn jẹ́ àbá tí òun fúnra rẹ̀ kọ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nípa bí iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ṣe lè dára sí i. Tí ẹ bá kọ ìdájọ́ nìkan sílẹ̀, ìwé inú dúrọ́ọ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn tí fíìmù bá parí, kí ẹ tó ka ohun tí ẹnikẹ́ni kọ nípa rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ fi kún ọ̀nà kẹta. Tó bá di ọ̀la, ìtàn á ṣì wà lórí yín, àmọ́ ohun tó ṣe yín lára á ti parẹ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì dí i.

Ìran méjì tó jọra

Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹnìkan yí padà lóòótọ́, pé kì í ṣe pé ipò rẹ̀ nìkan ló yí tàbí pé àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n? Ẹ wá ìdánwò kan náà tó dé bá a lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé ìran méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ẹ kò bá rí méjì, ẹ má tíì kọ ọ̀rọ̀ náà "yí padà".

Wiesler ló fi í hàn jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àìsùn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìwà yìí kò yẹ ọmọ ènìyàn. Wiesler ń dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń sàmì sí orúkọ ọmọ náà lórí ìwé. Nígbà tó yá, ọmọdé kan tó gbé bọ́ọ̀lù dání bá a wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ilé. Ọmọ náà bi í bóyá lóòótọ́ ló wà nínú Stasi, ó ní bàbá òun sọ pé ènìyàn burúkú tó ń ti àwọn èèyàn mọ́lé ni wọ́n. Wiesler ṣí ẹnu: "Kí lorúkọ…" Ó dákẹ́. Ọmọ ní, "Orúkọ kí ni?" Ó ní, "Bọ́ọ̀lù rẹ. Kí lorúkọ bọ́ọ̀lù rẹ?" Ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù kì í lórúkọ.

Ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ máa wo ojú Ulrich Mühe, òṣèré tó ṣe Wiesler, nìkan. Iṣẹ́ ti sọ bíbéèrè orúkọ di bárakú fún un, ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ̀. Ibi tó ti dákẹ́ kò gùn ju mímí kan lọ. Bí ọkàn yín bá yí níbẹ̀, ìṣẹ́jú yín nìyẹn.

Ti Dora rọrùn: lẹ́tà tó gbowó kọ, tó jù sínú dúrọ́ọ̀ tàbí tó fà ya, àti lẹ́tà àwọn arìnrìn-àjò ìsìn tó gbé lọ fi ránṣẹ́ ní ìgbẹ̀yìn. Àmọ́ ìran kan wà láàárín tí ọ̀pọ̀ ń fò: ó fa Josué, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, lé àwọn tó ń ṣòwò ọmọ lọ́wọ́, ó sì fi owó rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun. Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí ẹ kọ torí ẹ ti fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ lẹ pa fún òǹkàwé.

Ní Ikiru, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Watanabe, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí ilé òkú, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n ń jiyàn nípa ẹni tó jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọgbà ìṣeré ọmọdé tí Watanabe lépa kó tó kú. Ibẹ̀ ni ó máa ń sú àwọn òǹwòran. Ẹ má fò ó. Gbogbo wọn mutí yó, wọ́n sì búra pé àwọn á ṣe bíi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, olórí tuntun tún ń darí ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹnìkan ṣoṣo ló dìde, ó sì tún jókòó, òkìtì ìwé sì bo ojú rẹ̀. Ìran méjì tó jọra lèyí náà, fún àwọn tí kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ tó bá ìmọ̀lára mu

Ẹ kọ ọ̀nà kẹta ní Yorùbá, torí èdè wa ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ dáadáa. Àánú ṣe mí, ó dùn mí, ojú tì mí, ara mi bù máṣọ: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Èyí tó wúlò jù fún irú fíìmù yìí ni *ojú gbà mí tì*, ìtìjú tí a ń bá ẹlòmíì jẹ. Nínú Ikiru, Watanabe ń tẹ̀lé Toyo, ọmọbìnrin tó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ehoro ìṣeré. Ní ilé oúnjẹ, ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó mú ara rẹ̀ yá báyìí. Ọmọbìnrin náà ń fà sẹ́yìn. Àánú kọ́ ló kọ́kọ́ ń mú èèyàn níbẹ̀. Ojú ló ń gbani tì, èèyàn á fẹ́ yíjú kúrò. Ẹni tó kọ "àánú ṣe mí" níbẹ̀ ti fo àtẹ̀gùn kan.

Nígbà tí ọkàn gbà, tí orí kọ̀

Ẹ wádìí àṣà ibẹ̀ kí ẹ tó bínú. Dókítà tó sọ fún Watanabe pé egbò kékeré ló wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́ lásán. Ní Jàpáánì ìgbà náà, wọ́n sábà máa ń fi jẹjẹrẹ pamọ́ fún ẹni tó ń ṣe.

Ẹ tún béèrè bóyá ohun tó dùn mọ́ yín lè ṣẹlẹ̀. Olùdarí ilé ìrántí tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stasi àtijọ́ ní Hohenschönhausen kò gbà kí wọ́n ya fíìmù Wiesler níbẹ̀, torí kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe sọ òṣìṣẹ́ Stasi di akọni. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nínú ọgbà yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti má sunkún fún Wiesler. Tí ẹ bá sunkún, ẹ kọ ọ́. Tí ẹ bá sì rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ má ṣe fi ọ̀kan pa èkejì mọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ bí 500 tó. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta péré sọ ìtàn fíìmù náà. Ìran méjì tó jọra ni kó gba ìdajì, pẹ̀lú ohun tí ojú rí, kí ohun tó ṣe yín tẹ̀ lé e, kí iyèméjì yín sì kẹ́yìn. Tó bá ti ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lórí ìtàn, àròsọ fíìmù lẹ ń ṣe nìyẹn, ẹni tó fẹ́ wò ó kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ gbólóhùn tí Wiesler fi parí fíìmù náà fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún ìran méjèèjì yẹn nìkan wò, kí ẹ fi bírò àwọ̀ mìíràn kọ ohun tó ṣe yín lọ́tẹ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.