Bí Mo Ṣe Fi Fóònù Mẹ́rin Gbé Ojúde Ọba Wá Sí Pálọ̀ Wa Ní Leeds

Àwọn èèyàn ti bi mí léèrè jù nípa bí Màmi ṣe wo Ojúde Ọba, ọdún tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde fi ń lọ kí Ọba wọn lẹ́yìn Iléyá, láti Leeds níbí, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó máa wúlò fún ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá lọ́dọ̀ nílùú òyìnbó tí ara ò sì gbé wọn wálé mọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmi wà báyìí, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sínú bàálù fún wákàtí mẹ́fà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde pọ́ńbélé ni wọ́n, kò sí ọdún tí wọ́n kì í bá ẹgbẹ́ wọn lọ kí Awùjalẹ̀, Ọba Ìjẹ̀bú, kí orúnkún tó dá wọn dúró. Lọ́dún 2024 mo tan Ojúde Ọba fún wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rò pé inú wọn máa dùn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹ̀, àwọn olówó àti olóṣèlú tó jókòó ló ń yà ṣáá. Màmi wò ó wò ó, wọ́n ní "Ta ló bi wọ́n léèrè àwọn eléyìí? Ẹgbẹ́ tèmi dà? Ṣé àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Kúkù ti kọjá ni àbí wọn ò tíì kọjá?" Mi ò lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an ni.

Torí náà nígbà tí Iléyá 2025 bọ́ sí Friday 6 June, tá a sì mọ̀ pé ọjọ́ kẹta ẹ̀, ìyẹn Sunday, ni Ojúde Ọba, mo ti pe àwọn ará ilé jọ lórí WhatsApp. Èèyàn mẹ́rin ló gbà láti di ojú fún Màmi. Àbúrò mi ọkùnrin máa wà láàárín ẹgbẹ́ tiẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa dúró lórí bákónì ilé alájà kan tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, ọmọ àǹtí mi máa wà nítòsí ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń kí Ọba, ìyàwó àbúrò mi sì máa tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ Màmi, àwọn ìyá yẹn gan-an ni Màmi fẹ́ rí.

Kì í ṣe WhatsApp la fi ṣe é o. Fídíò kọ́ọ̀lù ti WhatsApp dáa fún kíkíra ẹni, àmọ́ kì í jẹ́ kó o pín ojú ìwòran bó o ṣe fẹ́. VDO.Ninja ni mo lò, ìkànnì kan tó ń gbé fídíò láti orí fóònù wá sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé à ń gba áàpù kankan sórí fóònù. Mo fi líǹkì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ṣí i nínú Chrome, wọ́n gbà kó lo kámẹ́rà àti máìkì, ó tán. Lórí láptọ́ọ̀pù tèmi mo ṣí OBS, áàpù tó ń da àwòrán kámẹ́rà púpọ̀ pọ̀, òun náà ọ̀fẹ́ ni, mo wá kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ̀. Mo ṣe ojú ìwòran márùn-ún: ọ̀kan tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà nínú àpótí mẹ́rin, àti mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gbogbo ojú. Mo fi nọ́ńbà sí wọn, tí mo bá tẹ 3, ti bákónì máa gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Wáyà HDMI ni mo fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ní tààrà ni fóònù ń fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí, tí èèyàn mẹ́wàá bá ṣí líǹkì yẹn, fóònù yẹn máa fi fídíò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, dátà àti bátìrì máa parí kẹ́ṣin tó jáde. Torí náà èmi nìkan ni mo ń gba ti wọn, láptọ́ọ̀pù mi ló wá gbé e lọ sórí YouTube fún àwọn ará Houston àti Lọ́ńdọ̀nù, mo ṣe é ní unlisted, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ní líǹkì ẹ̀ nìkan ló lè rí i, kó má lọ di ti gbogbo ayé. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe live lórí YouTube, ẹ tètè tan án sílẹ̀, ó lè gba wákàtí 24 kí wọ́n tó gbà yín láàyè.

A dán an wò lọ́jọ́ Iléyá gan-an, èyí tó ń dín ẹran ń dín ẹran, fóònù ń bẹ lára ògiri. Ibẹ̀ la ti rí i pé tí wọ́n bá pe fóònù yẹn pẹ́nrẹ́n, fídíò á dúró, tí iná ojú ẹ̀ bá sì kú, ó tún dúró. A ní kí wọ́n dí ìpè, kí wọ́n má jẹ́ kí ojú fóònù sùn, kí kálukú mú pawa báǹkì dání, kí wọ́n sì gbé fóònù dábùú.

Ọjọ́ Sunday wá dé. Aago Nàìjíríà àti ti ọ̀dọ̀ wa kan náà ni nígbà ooru ìlú òyìnbó, Màmi ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè láàárọ̀, nínú pálọ̀! Ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú ni ìlù. Máìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ìlù kan náà wá, tí wọn ò sì bára wọn dọ́gba, ariwo yẹn ò ṣe é gbọ́ sétí. Mo pa ohùn mẹ́ta, mo fi ti àbúrò mi nìkan sílẹ̀, ni gbogbo ẹ̀ bá tòrò. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, èrò ti pọ̀, nẹ́tíwọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í há, àwòrán ń gan. Mo ní kí wọ́n jáde, mo fi &quality=2 kún ìdí líǹkì, ìyẹn máa ń dín àwòrán kù sí 360p, tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Kò mọ́lẹ̀ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń rìn, ó sàn kó rìn.

Látìgbà yẹn, Màmi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. "Gbé méjì wá." "Padà sí mẹ́ta, mo ń gbọ́ ìbọn." Ṣakabùlà ń dún lọ́wọ́, èéfín bo ojú kámẹ́rà, bó ṣe ń ká kúrò ni ẹṣin ìdílé Balógun Kúkù yọ tí wọ́n fi aṣọ àti ṣaworo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, Màmi sì ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi pé àwọn Mùsùlùmí ìgbà yẹn ló ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba pé ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kì í fi fóònù sílẹ̀ jókòó sílẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ń pè mí, "Kí lẹ̀ ń hó fún, mi ò rí nǹkan kan o," torí ti YouTube máa ń pẹ́ lẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, ó ní Màmi ń wo yín láti Leeds o. Wọ́n pagbo yí fóònù ká, wọ́n ń jùwọ́, ọ̀kan nínú wọn ní "Àyè ẹ wà níbí o, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀!" Màmi di apá àga mú, wọ́n dìde, wọ́n jó.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, July 2025, ni Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ojúde Ọba tí a wò yẹn ló gbẹ̀yìn lásìkò wọn. OBS ti gbà á sílẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, Màmi ò jẹun, wọ́n ní kí n bá àwọn tan fídíò yẹn, a sì wò ó títí ilẹ̀ fi ń mọ́.