Bí a ṣe ń fi fọ́tò ìgbéyàwó jẹun, tí àwòrán oníbàárà kò fi ní sọnù

Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà jẹun, mo gbà pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Iṣẹ́ tí mo ń rí tó ń bàjẹ́ ní Ìbàdàn níbí, kì í sábà jẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ló bà á jẹ́. Àdéhùn ẹnu lásán ni, àti káàdì tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Ibi méjèèjì yìí ni màá ti pẹ́ jù.

Irinṣẹ́

Kámẹ́rà méjì ni kí o mú lọ sí òde ìgbéyàwó. Bí agbára rẹ kò bá tíì ká a, yá ìkejì lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ fún ọjọ́ náà. Tòkunbọ̀ méjì sàn ju tuntun olówó gọbọi kan ṣoṣo lọ, kí ó ṣáà ní ihò káàdì méjì. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni kí o kọ́kọ́ rà: kò wọ́n, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa nínú yàrá tí ìyàwó ti ń múra nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Fi fìlásì kan àti bátìrì mẹ́rin tó kún kún un. Ní ti ohun tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ènìyàn, èmi kì í rà á. Páálí funfun fẹ̀ǹfẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ní Dùgbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kí o tó jáde nílé, ṣètò aago kámẹ́rà méjèèjì kí wọ́n bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, nígbà tí o bá da àwòrán wọn pọ̀, ètò ọjọ́ náà á dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Owó àti ìwé

Má ṣe gba iṣẹ́ láìkọ ìwé, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó àbúrò ìyá rẹ. Ojú ewé kan tó: ọjọ́, ibi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti máa wáyé, aago tí wàá dé àti èyí tí wàá lọ, iye àwòrán tí wàá tún ṣe, ìgbà tí wọ́n máa gbà á, àti owó. Kọ iye tí wákàtí kan máa jẹ́ bí òde bá kọjá àkókò, nítorí yóò kọjá àkókò.

Ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ni mo ń gbà sílẹ̀, ìyókù sì gbọ́dọ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó. Bí alẹ́ẹ̀tì kò bá tíì wọlé, ọjọ́ yẹn ṣì ṣófo nínú ìwé mi, ẹlòmíràn lè gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé òde, alásè ń pe àwọn tó ṣe ìgbéyàwó, oníkánópì ń pè wọ́n, ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà ń pè wọ́n. Ẹni tó bá gbẹ́yìn nínú àwọn tó ń béèrè owó kì í rí i gbà. Bí ẹbí bá ní kí o ṣe díẹ̀ fún àwọn, mú ojú ewé kúrò nínú álúbọ́ọ̀mù, má ṣe mú nǹkan kan kúrò nínú àsansílẹ̀.

Forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wọn ni báńkì ń béèrè kó tó ṣí àkáǹtì lórúkọ ilé iṣẹ́, àkáǹtì yẹn sì ni yóò jẹ́ kí o mọ owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó ọbẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó

Tètè dé, kí o sì kọ́kọ́ lọ kí alága ìjókòó àti alága ìdúró. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nígbà tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀, àti nígbà tí ìyàwó bá ń dé fìlà fún un. Àwọn nǹkan yẹn kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Béèrè lọ́wọ́ ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó mọ ojú ẹbí, tí yóò máa bá ọ pe ènìyàn wá. Àwọn àgbàlagbà ni kí o kọ́kọ́ yà. Wọn kì í dúró dé alẹ́.

Ṣọ́ra fún léèsì funfun. Kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, ojú aláwọ̀ dúdú á wá di òjìji. Níbi exposure compensation kámẹ́rà rẹ, fi ìdá méjì nínú mẹ́ta kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ (+0.7), tàbí odindi kan (+1). Lábẹ́ àjà funfun, kọjú fìlásì sókè kí ìmọ́lẹ̀ fi rọra bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ kánópì aláwọ̀, má ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ aṣọ yẹn á hàn lójú gbogbo ènìyàn. Bí gèlè bá ga tó ń ṣíji bo ojú, ibẹ̀ ni páálí funfun ti ń wúlò: gbé e sí ìsàlẹ̀ àyà, ìmọ́lẹ̀ á wọ ojú.

Bí ó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì, béèrè kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n gba fìlásì láàyè.

Ní ti fọ́tò àgbàlagbà, má ṣe gé ẹsẹ̀ wọn. Bàbá tó jókòó sórí àga, tó kọjú sí ọ gbọọrọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, tí bàtà rẹ̀ hàn, mọ ohun tó ń ṣe. Ìdúró àtijọ́ tiwa nìyẹn. Fọ́tò kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ wa: Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní ọdún 1978 pé àwọn kan ti ń lo fọ́tò dípò ère ìbejì. Ya ìdúró àgbà yẹn fún wọn kí o tó ya èyí tí ìwọ fẹ́ràn.

Káàdì

Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ kà.

Mo wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ayàwòrán bíi tèmi, ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè kan. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti mú kámẹ́rà lọ ya ìkómọ, ó bá káàdì Sátidé nínú rẹ̀ tó kún, ó sì fọ́máàtì í, ìyẹn ni pé ó ní kí kámẹ́rà pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ó rò pé ọ̀gá òun ti kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá sì rò pé ọmọ ló kó o. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti ya àwòrán tuntun kún orí rẹ̀. Mo bá a lọ bẹ ìyá ìyàwó. Ìyá náà kò bínú. Ohun tó kàn ń béèrè ni pé, "Ṣé èyí tí bàbá mi ti ń súre fún un náà lọ ni?" Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí di òfin.

Ra káàdì kéékèèké púpọ̀, 32GB, má ṣe kó odindi ìgbéyàwó sórí ẹyọ kan. Ayédèrú kún ọjà: wọ́n á kọ 64GB sí i lára, 8GB péré ni yóò gbà, àwòrán tó bá kọjá ìyẹn á bàjẹ́ láìjẹ́ kí o mọ̀. Ní ọjọ́ tí o bá rà á gan-an, fi H2testw dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Á kó nǹkan kún káàdì náà, á sì kà á padà, wàá mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Bí kámẹ́rà bá ní ihò méjì, ṣètò rẹ̀ kí ó máa kọ àwòrán kan náà sí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí ó máa bọ́ sí ìkejì nígbà tí èkíní bá kún. Ìyẹn kò dáàbò bo nǹkan kan. Bí ihò bá jẹ́ ọ̀kan, pààrọ̀ káàdì lẹ́yìn ìdána, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àti láàárín ètò gbọ̀ngàn.

Wo ẹ̀gbẹ́ káàdì SD. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sún, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Gbàrà tí o bá yọ káàdì tó kún, fi èékánná rẹ sún un sí ibi tí wọ́n kọ Lock sí. Kámẹ́rà kankan kò ní lè fọ́máàtì í mọ́ títí wàá fi ṣí i. Ká ní ọmọṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi bá a ní títì ni, ìbá pe ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ sínú àpò kékeré tó ní síìpù, kí o sì fi okùn so ó kọ́ ọrùn lábẹ́ bùbá. Má ṣe fi sínú báàgì kámẹ́rà, báàgì ni olè kọ́kọ́ ń gbé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí o tó sùn. Rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, nítorí bí iná bá lọ láàárín méjì, tí bátìrì sì ti kú, àwòrán á dé lábọ̀. "Copy" ni kí o tẹ̀, má ṣe tẹ "cut" láéláé. Nígbà tó bá parí, ka iye rẹ̀: bí káàdì bá ní 1,846, kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ní 1,846. Ṣí ti àkọ́kọ́, ti àárín, àti ti ìparí, kí o fẹ̀ wọ́n lójú. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo rẹ̀ sórí hard drive kan tí kò ní sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Dátà wọ́n, nítorí náà àwọn tí mo bá ti ṣà nìkan ni mo ń gbé sórí Google Drive.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fọ́máàtì káàdì, má ṣe ya ẹyọ kan sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán ṣì wà níbẹ̀ títí tuntun yóò fi gorí rẹ̀. Yọ ọ́, tì í, kí o fi PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá àwòrán tó sọnù, wá a. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Ìfijíṣẹ́

Nígbà tí o bá ń tún àwòrán ṣe, má ṣe bó oníbàárà láwọ̀, má sì pa ilà ojú bàbá ẹni rẹ́. Fi mẹ́wàá ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, kí ọkàn wọn balẹ̀. Bí o bá ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi "document", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un mọ́lẹ̀, ẹwà rẹ̀ á lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọdún kan ni wàá fi tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gba álúbọ́ọ̀mù, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbà á. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sún ìdè káàdì padà, tí mo máa ń fi í sínú kámẹ́rà, tí mo sì ń fọ́máàtì í níbẹ̀, fúnra mi.