Stọ́ọ̀dù méjì tó kán sínú Hilux mi

₦85,000 ni mo ra hẹ́dà, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, mo sì rò pé owó iṣẹ́ díẹ̀ ló kù. Kí n tó gbé mọ́tò jáde, owó ti di ₦143,000, ọjọ́ mẹ́rin sì ti lọ. Inú ṣì ń bí mi.

Hilux 1994 ni, ẹ́ńjìnnì 22R, òun ni mo fi ń kó iṣu láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin. Manifóòdù rẹ̀, irin tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì lọ sínú sàlẹ́ńsà, là. Bí mo bá ti ṣíná rẹ̀ láàárọ̀, á máa dún tà-tà-tà; bó bá gbóná tán, irin á wú, ojú ibi tó là á pa dé, á dákẹ́. Nígbà tó yá, kò dákẹ́ mọ́, èéfín sì ń wọlé bá wa níwájú. Manifóòdù tòkunbọ̀ tí wọ́n fi hàn mí ní Táíwò n'Ílọrin, wọ́n ti jó òun náà pa níbi tó ti là rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra hẹ́dà, páìpù mẹ́rin tó jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó papọ̀ nísàlẹ̀.

Títú sàlẹ́ńsà kúrò kò gba àlàyé. Stọ́ọ̀dù, àwọn irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ tó de manifóòdù mọ́ ẹ́ńjìnnì, ni wàhálà.

Irin ni stọ́ọ̀dù, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà, orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wọ̀ sí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbóná, tí wọ́n jọ ń tutù, ìpẹtà ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo bẹ mẹkáníìkì tí mo gbé e fún pé kó fi òróró tó ń tú ìpẹtà rin wọ́n di ọjọ́ kejì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó fi páìpù gùn sípánà lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: kà! Àkọ́kọ́ kán. Kò dúró. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tọ́wọ́ kì í dé, òun náà kán.

Ó bá fi dírìlì lu èyí ẹ̀yìn, ó ki easy-out, irin tí wọ́n fi ń yọ stọ́ọ̀dù tó kán, bọ̀ ọ́. Easy-out kán sínú ihò. Irin yẹn le ju bíìtì dírìlì lọ: bíìtì mẹ́ta ló bàjẹ́, wọ́n ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ara tọ́ọ̀pù mi. Mo ní kó dáwọ́ dúró. Ó ṣì gba ₦15,000.

Alfa kan tó ń ṣe wẹ́dà ní Gáà Àkàǹbí ló kó mi yọ. Ó kọ́kọ́ tú bátìrì, ó dí ojú páìpù epo. Lórí easy-out yẹn, ó ń jó irin lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọrí kúrò nínú ihò. Iná wẹ́dà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ó gbé nọ́ọ̀tì lé e, ó jó o mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ já, èkejì já. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ, ó fi àbẹ́là kàn án, ìda náà yọ́ wọnú ihò. Kò fi agbára yí i. Ó yí i lọ díẹ̀, ó yí i bọ̀, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Nígbà tó fi jáde, mo pariwo. Stọ́ọ̀dù èkejì kò tó ogún ìṣẹ́jú. ₦25,000 ló gbà, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san án.

Èmi fúnra mi ni mo de hẹ́dà, ó sì dára! Stọ́ọ̀dù àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń dí àárín hẹ́dà àti tọ́ọ̀pù, ₦18,000. Mo gbé rúlà irin lé ojú hẹ́dà láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú. Ọwọ́ ni mo fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé kí n tó fún èyíkéyìí, àárín ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò bá fi rin wọ́n lóróró. Kí n tó tú nọ́ọ̀tì èyíkéyìí, mi ò bá kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kí ìpẹtà já. Tó bá sì kán, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mi ò bá gbà lọ tààrà. Easy-out ò tún ní kan mọ́tò mi mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé láti Òmù-Àrán, mo jẹ́ kó tutù, mo tún nọ́ọ̀tì gbogbo fún. Méjì ti dẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbọ́ tà-tà-tà mọ́ láàárọ̀.