Bí Mo Ṣe Mọ Ìwọ̀n Ẹrù Tí Forklift Àtijọ́ Kan Lè Gbé

Gbogbo wa ló ti gbà pé kílò 2,700 ni forklift náà, ọkọ̀ tó ń fi apá irin méjì gbé ẹrù sókè, ń gbé. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ págunpàgun ni, táyà iwájú rẹ̀ ga, ó sì ti dàgbà gan-an. Nígbà tí wọ́n ní kí n wò ó bóyá ó lè gbé ìdì pákó kan sókè, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan.

Pátákó irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ni mo kọ́kọ́ kojú sí. Ọ̀dà ti bo ìdajì rẹ̀. Mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, mi ò fi irin ha á rárá, torí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kì í jìn. Ibi tí kò hàn síbẹ̀, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: kílò 2,700, mìlímítà 600, gíga mìlímítà 3,600.

600 yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Ó ń sọ bí àárín ẹrù ṣe jìnnà tó sí ibi tí fọ́ọ̀kì, ìyẹn apá irin tó ń gbé ẹrù, ti nàró. Ìdì pákó tiwa fẹ̀ tó mítà 1.8, àárín rẹ̀ á wà ní mìlímítà 900. Mo fi téèpù wọn láti àárín táyà iwájú dé ibi tí fọ́ọ̀kì ti nàró, ó jẹ́ 500. Mo wá sọ 2,700 di ìlọ́po 1,100 (500 àti 600), mo fi 1,400 (500 àti 900) pín in. Ó kù kílò 2,121. Ẹrù kan náà, bó bá ti jìnnà sí táyà, ńṣe ló ń fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sídìí mast, àwọn irin gígùn tí fọ́ọ̀kì ń gùn. Mo wò ó látòkè, mo ka irin tó wọnú ara wọn: ìpele mẹ́ta. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n tó ń wà á pé kí wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìsí ẹrù. Fọ́ọ̀kì gòkè ju mítà kan lọ kí irin inú tó sún rárá. Sílíńdà tó wà láàárín, ọ̀pá tó ń ti fọ́ọ̀kì sókè, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé òpin, téèpù tí a so mọ́ fọ́ọ̀kì fi 4,800 hàn.

Pátákó sọ 3,600! Ẹnì kan ti pààrọ̀ mast nígbà kan, ó sì fi pátákó ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mast ìpele mẹ́ta wúwo ju ti ìpele méjì lọ, ó nípọn jù, ó ń ti ẹrù síwájú, bó sì ṣe ń ga sí i ni ọkọ̀ ń yára fì. Ìṣirò mi kò wúlò mọ́ nìyẹn, torí mast mìíràn ni 2,700 wà fún. Ó dùn mí láti ronú pé àwọn èèyàn ti ń gbára lé nọ́ńbà yẹn.

Mo yẹ fọ́ọ̀kì náà wò. Bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, bá ti jẹ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ. Tiwa kò tíì débẹ̀.

Mo kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti ti ara mast sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà, torí àwọn ló yẹ kó fọwọ́ sí nọ́ńbà tuntun. Èsì dé: kílò 2,000 ní 600, ní gíga 4,800. Pátákó tuntun sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló tú ti àtijọ́ kúrò, wọ́n pín pákó náà sí ìdì méjì tí kò fẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.