Bí a ṣe ń gbin igi ìrántí fún àwọn ọmọ ìlú tó lọ sógun tí wọn ò bọ̀

Tí ẹ bá gba Mókọ́lá kọjá n'Íbàdàn, bárékè ológun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Letmauk. Ní Àpápá l'Ékòó, Arakan ni wọ́n ń pe tibẹ̀. Ilẹ̀ Búmà ni orúkọ méjèèjì ti wá, níbi tí àwọn sọ́jà wa ti jà nígbà ogun Hitler. Ibi tí wọ́n kú sí kò kúrò lẹ́nu wa títí dòní. Àwọn tó kú síbẹ̀ gan-an ńkọ́? Àbúrò bàbá bàbá mi wà lára wọn. Láti agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti lọ, kò sì sí ibì kan láàárín ìlú tí ẹ ti lè ka orúkọ rẹ̀ títí àwa ará àdúgbò fi dìde sí i.

Ohun tí a ṣe kò ju igi kan, òkúta kan àti orúkọ tó wà lára òkúta náà lọ. Létí, ó dà bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbà wá ju ọdún kan lọ, orúkọ ni a sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹni tó bá ti orí igi bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ

Ẹ fẹnu kò lórí ogun tí ẹ fẹ́ kà. Àwa mú mẹ́ta: ogun 1914 sí 1918, tó gbé àwọn ọmọ wa dé Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ogun 1939 sí 1945, àti ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, tó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970. Àwọn kan ní ká kó ogun Kírìjì àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Oríkì ti gbé àwọn yẹn, kò sì tíì sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Àwọn tó kú sí ilẹ̀ òkèèrè ni kò rí ẹni gbé wọn. Láyé àtijọ́, tí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé kí ará ilé lè rí nǹkan sin. Ta ló gé irun ẹni tó kú sínú igbó Búmà wá fún ìyá rẹ̀?

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ló ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè wá orúkọ lórí ìkànnì wọn láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ ọgbọ́n wà nínú bí a ṣe ń wá a. Àwọn akọ̀wé ológun ìgbà náà sábà máa ń fi orúkọ ìlú ẹni ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá fi orúkọ bàbá rẹ̀ wá a, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ tẹ “Ogbomosho”, kí ẹ fi h sí i bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ tó wá tẹ “Ogbomoso”. Ará Ọ̀yọ́ kí ó tẹ “Oyo”. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú sí Búmà tí wọn kò ní ibojì, ara òpó ìrántí tó wà ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, ni orúkọ wọn wà, láàárín orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000.

Tí ẹ ò bá rí ẹni tí ẹ ń wá, ẹ má ṣe lọ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní oṣù Kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde, ó sì jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 ènìyàn tó kú nínú ogun 1914 ni wọn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ìrántí kankan. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí iye náà tó 350,000. Ìwé tó gbàgbé èèyàn tó báyìí kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Ẹlẹ́rìí kejì wà nínú agboolé. Ẹ má dá lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n mọ̀ mú yín dé ọ̀dọ̀ baálé. Ẹ má sì béèrè pé, “Ta ló kú sógun nílé yìí?” Ọ̀pọ̀ ẹbí kò gbọ́ pé ọmọ wọn kú, wọ́n kàn ń retí rẹ̀ títí ìrètí fi rẹ̀ wọ́n. Ẹ béèrè pé, “Ta ló lọ tí kò bọ̀?” Ìbéèrè yìí ló ń ṣí ẹnu. Tí ẹ bá sì kí àwọn bàbá tán, ẹ wọlé lọ bá àwọn ìyá àgbà, torí àwọn ló mọ oríkì.

Ní ilé tiwa, àbúrò obìnrin tí ẹni tiwa tó lọ sógun náà fi sílẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo jókòó sórí àpótí níwájú wọn, mo ka ohun tí a kọ sínú ìwé sí wọn létí: Òkè. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n mi orí. “Òkẹ́ ni. Inú àpò ni wọ́n bí i sí. Ta ló ń jẹ́ Òkè nílé yìí?” Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ojú wọn dúró sójú kan, ìka wọn ń lu itan wọn jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo fi bírò fa igi lé ohun tí mo kọ. Díẹ̀ ló kù ká gbẹ́ orúkọ ẹlòmíràn sára òkúta.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ẹ má fi àmì ohùn ṣeré. “Oke” tí akọ̀wé kọ lè jẹ́ Òkè, ó lè jẹ́ Òkẹ́. “Ojo” lè jẹ́ Òjó, ó lè jẹ́ Òjò. Ẹ kọ ọ́ bí ará ilé ṣe pè é, kí ẹ sì kọ agboolé rẹ̀, ogun tó lọ, àti ẹni méjì tó jẹ́rìí sí i. Tí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ààfin fún oṣù kan gbáko, kí ẹni tó bá ní àtúnṣe lè mú un wá. Àtúnṣe á wá. Ti wa wá rẹpẹtẹ.

Wọ́n á tún bá yín jà lórí ẹni tó yẹ. Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tó darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 3rd Marine Commando nínú ogun abẹ́lé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ rí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ̀ láti ogun, ọdún 2014 ló tó kú. Òkúta yìí wà fún àwọn tí kò bọ̀. Ẹ dúró lórí ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ẹni tó dáwó tàbí olóyè tó wá ṣí i dé ara òkúta náà rárá. Mo ti rí ibi tí lẹ́tà orúkọ olóṣèlú ti tóbi ju ti òkú ogun lọ, ó sì dùn mí dé ọkàn. Ẹ to orúkọ bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ṣe lọ. Ẹ má to ó gẹ́gẹ́ bí ipò. Kọ́púrà àti ọ̀gá, ikú kan náà ni wọ́n kú.

Ibi tí igi máa dúró sí

Ìlú wa mọ ohun tí igi jẹ́. Ìdí igi àjàgbọn ni ìtàn sọ pé Ògúnlọlá, Sọ̀ún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sí. Síbẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹni tó fi ẹnu lásán fún yín nílẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ lè tà á lọ́la. Ẹ béèrè ní káńsù bóyá wọ́n fẹ́ fẹ títì níbẹ̀, ẹ wo òkè bóyá wáyà iná kọjá, kí ẹ sì rí i pé kànga tàbí ẹ̀rọ omi kò jìnnà. Iwájú gbọ̀ngàn ìlú tàbí ibi tí àwọn àgbà ti máa ń jókòó dáa. Ọgbà ilé ìwé náà dáa, àfi pé kò sí ọmọ ilé ìwé tó máa bomi rin ín nígbà ìsinmi oṣù Kejìlá, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọyẹ́ dé.

Irú igi tó yẹ

Mángòrò ni wọ́n fi mọ̀ wá, òun ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ má gbìn ín síbẹ̀. Àwọn ọmọdé á máa ju òkúta sí i, òkúta ìrántí ni yóò sì máa bà. Ìrókò níyì, àmọ́ kòkòrò kan máa ń mú kí ewé ọmọ ìrókò wú bí eéwo, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í yè é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹlẹ́sìn á sọ pé ẹ̀ ń gbin igi òrìṣà, ìjà á dé kí igi tó dàgbà. Àràbà tóbi jù fún àárín ilé. Gbòǹgbò ọdán ò mọ ògiri yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Ọ̀gánwó, tí òyìnbó ń pè ní mahogany, ni àwa mú. Ó fara da ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa, òjìji rẹ̀ nípọn, ó sì ń pẹ́ láyé. Tí kòkòrò bá jẹ ṣónṣó orí rẹ̀, tó wá yọ ẹ̀ka púpọ̀, ẹ fi ẹyọ kan tó dúró ṣánṣán sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. A gbin akọ́kọ mẹ́rin yí i ká, nítorí ewé akọ́kọ ni a fi ń jẹ oyè, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò sì dàgbà débi tí wọ́n máa jẹ oyè kankan. Akọ́kọ rọrùn: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á hù. Ẹ lè ra ọmọ ọ̀gánwó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi inú ọ̀rá, tàbí ní FRIN, ilé ìwádìí igbó ìjọba tó wà ní Jẹ́ríkò n'Íbàdàn. Èyí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì dára ju èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá tí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ pọ̀.

Ìgbà tí a ń gbìn ín

Igi àkọ́kọ́ tí a gbìn kú, àwa la sì pa á. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ológun ní Nàìjíríà, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí. A rò pé kò sí ọjọ́ tó yẹ jù ú lọ. A gbin igi, a ya fọ́tò, a lọ ilé. Ọyẹ́ fẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé rẹ̀ rọ, ó di rúmúrúmú lọ́wọ́. Ìparí oṣù Kejì ni ewúrẹ́ jẹ èyí tó kù.

Oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbìn, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì jìn ní méjì. Ẹ ya ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀. Ẹ po ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbìn, ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà, ẹ má fà á ya, kí yẹ̀pẹ̀ ìdí igi má bàa tú. Ẹ gbé e sínú kòtò kí ibi tí igi ti pàdé yẹ̀pẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ dí i, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣe agbada yí ìdí rẹ̀ ká kí omi lè dúró. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi bo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ara igi níwọ̀n íǹṣì mẹ́rin, torí ikán. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká kó ga ju ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lọ.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni yóò sọ bóyá ẹ gbin igi. Láti oṣù Kọkànlá títí òjò fi padà dé, kẹ́ẹ̀gì omi kan, lítà 25, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A lu ihò abẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, a gbé e ti ìdí igi, omi ń kán sí i díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. A pín ọ̀sẹ̀ fún àwọn agboolé tí orúkọ ọmọ wọn wà lórí òkúta. Ẹ tún ro ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yí ká kí iná ìgbẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òkúta

Ẹ má kan pátákó mọ́ ara igi láéláé. Ìṣó á dá ojú ọgbẹ́ sí i, igi á sì dàgbà gbé pátákó mì. Ẹ má sì lo idẹ. Àwọn tó ń ṣa irin tà yóò yọ ọ́ lóru. Òkúta ni kí ẹ lò. Màbù Ìgbẹ́tì wà nítòsí, ó sì lẹ́wà, àmọ́ gíránáìtì le jù ú lọ, lẹ́tà rẹ̀ ń pẹ́ kó tó pa. Bíríkìlà á fi kọnkéré mọ ìdúró fún un, kó jìnnà sí igi tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá nítorí gbòǹgbò, kó sì dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò lójú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe òkúta ojú oórì mọ iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ fúnra wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ gbà á pa dà lórí ìwé kí wọ́n tó fi irin kan òkúta, kí ẹ sì kà á sókè fún ará ilé. Gbígbẹ́ ni kí lẹ́tà jẹ́, kó ga tó íǹṣì kan, kí wọ́n kun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sókè kò gùn: “Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ sógun tí wọn ò bọ̀ wálé.” Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta sílẹ̀ lófìfo nísàlẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni a wá ṣí i, nígbà tí igi kejì ti lo oṣù méje nílẹ̀. Ìmáàmù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé, àwọn ajagunfẹ̀yìntì to sí ìlà. Ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ló ka orúkọ ẹni tirẹ̀. A ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ pé kí wọ́n gbé omi dání dípò òdòdó, nítorí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ka Òkẹ́ tán, mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi sí ìdí ọ̀gánwó náà. Láti ìgbà náà, orúkọ méjì ti wọ inú àyè tí a fi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdílé kan gbé èkejì wá láti oko, tòun ti lẹ́tà kan tí wọ́n ká sínú ọ̀rá, tí wọ́n ti ń fi pamọ́ láti 1968.