Bí mo ṣe wádìí iná tó ń tàn tó ń kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi

Tòkunbọ̀ ọdún 2008 ni ọkọ̀ tí mo rà ní Abuja níbí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, éésì rẹ̀ ń tutù, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń dán. Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń fojú mi rí màbo. Lálẹ́, bí mo bá ń ti Wuse bọ̀ ní Kubwa, ọkọ̀ á máa lọ geere lójú expressway. Àfi bí mo bá yà sí àdúgbò wa, tí mo fẹ́ ṣẹ́rí wọ inú ọgbà: iná ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) á tàn, iná steering á tàn, èyí tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ á tẹ̀lé wọn, steering fúnra rẹ̀ á sì le gbagidi lọ́wọ́ mi. Kí n pa ọkọ̀, kí n tún un tàn, gbogbo wọn á ti lọ. Bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ohun tó ṣe é.

Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ABS pump ti kú, kí n lọ wá Belgium rẹ̀ rà. Ibòmíràn ní steering rack ni, irin tó ń yí táyà iwájú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, mi ò sì yọ kọ́bọ̀. Èrò tèmi ni pé nǹkan méjì tí kò bá ara wọn tan nínú ọkọ̀ kì í déédéé jọ ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tún jọ gbádùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ń jẹ ni kí èèyàn lọ yẹ̀ wò, iná bátìrì ni wọ́n sì jọ ń jẹ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohun tí mo máa ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí iná yẹn bá tàn. Iná iwájú á wà ní títàn, éésì á máa fẹ́ gan-an, ọkọ̀ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn, èmi á sì máa yí steering dé òpin. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi díẹ̀díẹ̀. Steering oníná ni ti ọkọ̀ yìí, kò lo epo. Mọ́tò kékeré ló ń bá ọwọ́ ẹni yí i, ìgbà tí mọ́tò yẹn sì máa ń fa iná jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń fà, tí wọ́n bá ń yí i dé òpin. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa nǹkan kan. Mo páàkì sínú ọgbà lọ́sàn-án gangan, mo tan iná iwájú, mo tan éésì, mo yí steering títí kò fi lọ mọ́. Iná iwájú rẹ̀wẹ̀sì lára ògiri, ABS sì tàn. Ìgbà tí mo ti lè mú kó ṣe é nígbà tó bá wù mí, ọ̀rọ̀ ti dẹ̀rọ̀.

Mo ní scanner kékeré, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi pa mọ́, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth. Ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ steering. Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in. Kóòdù tó gbé jáde ni U0121. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì pe kọ̀ǹpútà ABS, kò sì gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí ABS nínú ẹ̀, wọ́n á sì gba ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn, ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa á, kì í ṣe pé ó kú. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni kóòdù ń sọ, kì í sọ ohun tí ẹ máa rà.

Mo wá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan, réwáyà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí wa ní Kubwa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ orí bátìrì o. Bí ẹ bá yọ ọ́, kóòdù lè pa rẹ́.”

“Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ yọ ọ́? Gbé mítà yẹn wá.”

Bátìrì fi 12.6 fóòtì hàn nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa, ó sì gun 14.2 nígbà tí a tan án. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì, kò sí ohun tó ṣe alternator tó ń gba iná sí i. Ẹ̀gbọ́n wá fi ẹnu mítà dúdú kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó fi pupa kan irin bọ́dì ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Iná tó bá jáde láti pósítíìfù gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gẹ́tíìfù, ara bọ́dì ló sì ń gbà padà, kó tó bọ́ sínú wáyà earth. Bí ọ̀nà ìpadà yẹn bá dára, mítà ò yẹ kó kọjá 0.2 láàárín àwọn méjèèjì, kódà bí gbogbo nǹkan bá wà ní títàn. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. A tan iná iwájú, ó gun 1. A fi éésì sí i, ó ń sún mọ́ 2. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yí steering dé òpin, ó fò kọjá 4. Lójú ẹsẹ̀, ABS tàn.

Bátìrì fúnra rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 13 lásìkò yẹn. Ẹ yọ 4 kúrò nínú ẹ̀, 9 ló kù fún kọ̀ǹpútà ABS, bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Tẹ́sítà onígílóòbù tí ọ̀pọ̀ réwáyà ń lò ò lè fi irú èyí hàn, torí gílóòbù kékeré yẹn kì í fa iná tó pọ̀. Á tàn rekete lójú wáyà tó ti bàjẹ́, wọ́n á sì ní iná wà níbẹ̀. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn lè gbẹ́rù ni.

A wá tọ wáyà earth lọ síbi tí wọ́n ti dè é mọ́ bọ́dì, lábẹ́ àwo tí bátìrì jókòó lé. Nígbà yìí la wá tú orí bátìrì, nẹ́gẹ́tíìfù ṣáájú. Sípánà 10 la fi tú nọ́ọ̀tì náà, kò tilẹ̀ le. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ọ̀dà funfun, ọ̀dà tuntun tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an, ni wọ́n de orí wáyà náà lé. Ọ̀dà kì í gba iná kọjá. Ibi tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì ti fara kan irin díẹ̀ nìkan ni gbogbo iná ọkọ̀ ti ń há gàgà kọjá, ẹ̀gbẹ́ òrùka wáyà náà sì ti jó dúdú. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó mi orí. “Iwájú ọkọ̀ yìí ti gbá nǹkan rí. Wọ́n pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n wá dè é padà láì ha á.”

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba àkókò. A fi sánpépà ha bọ́dì títí irin fi dán, a ha òrùka wáyà náà, a dè é le dáadáa, a wá fi gírísì pa òkè rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Òkè ni mo wí o, kì í ṣe àárín irin méjèèjì. A tún wọn mítà pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní títàn àti steering ní òpin: 0.06. A pa kóòdù rẹ́, kò padà. Owó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ò tó owó táyà kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé iwájú ọkọ̀ ti gbá nǹkan rí ò jẹ́ kí n sinmi. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tó kú. Mo ṣí i, mo ka iná níkọ̀ọ̀kan. Ti airbag, báàgì tó ń wú láti gba èèyàn bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ò tàn rárá. A tú dáṣíbọ́ọ̀dù wò: téèpù dúdú ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Scanner ńlá ti ẹ̀gbọ́n ló ka kóòdù tó wà nínú airbag, tèmi kékeré ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi tẹ́sítà kan wáyà aláwọ̀ yẹ́lò kankan, torí ti airbag ni, airbag sì lè bú lójú èèyàn. A ṣí téèpù náà kúrò. Iná airbag ń tàn báyìí, mo sì ń wá owó rẹ̀.