Ẹ Má Fi "Ọkọ̀" Pàṣẹ fún Fóònù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Ọ̀rọ̀ Àṣẹ

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá kan ládùúgbò wa ní Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀, ohùn ni wọ́n fi ń lo iPhone wọn. Èmi ni mo bá wọn tan Voice Control, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn fi ohùn pàṣẹ fún fóònù, tó wà lábẹ́ Accessibility nínú Settings. Láti 2019 ló ti wà lórí iPhone. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tí a kọ́kọ́ yàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n pa á tì.

Wọ́n ní bí àwọn bá ti sọ "Ọkọ̀", kí fóònù máa pe awakọ̀ wọn. Ìyá gbé iyán wá, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹ wá jẹun," fóònù ti ń pe awakọ̀. Nígbà tí bàbá wá ń wá awakọ̀ lóòótọ́, "okay" ni fóònù gbọ́. Voice Control kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá nínú gbogbo ohun tí a bá sọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn létí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tún máa ń bọ́ lẹ́nu nínú ìtàkúrọ̀sọ. Ẹ lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó má gùn débi tí ẹ ó fi mí láàárín. Ẹ má sì gba "Go home" tàbí "Go back", fóònù ti ní ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀. "Call my driver" àti "Call my daughter" kò gbọdọ̀ jọ wà, wọ́n jọra jù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ ló máa ń dán an wò fún òbí, lóru, nínú yàrá tó pa rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni fóònù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, níbi tó máa ń jókòó sí, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ahọ́n bàbá kò lè pe "driver" já mọ́. A fi "Bring my car now" rọ́pò "Call my driver", fóònù sì gbọ́.

Ẹ má fi àṣẹ kankan so mọ́ fífi owó ránṣẹ́ tàbí píparẹ́ nǹkan, torí ohùn ẹnikẹ́ni ló ń jẹ́ fún. Bí àlejò bá dé, bàbá á ní, "Go to sleep," kí fóònù má gba àṣẹ mọ́. Tí àlejò bá lọ tán, "Wake up," kó tún máa gbà á.